Amúkùn-ún Ẹlẹ́sẹ̀ Títọ́

Nígbà tí ọdún 2021 ń parí lọ, ẹgbẹ́ Athletics ti ìlú Oakland, ní Kalifọ́níà, fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún tí àwọn alátìlẹ́yìn wọn ń rà. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi kún un o. Àwọn ìjókòó kan wà tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bésíbọ́ọ̀lù ni ẹgbẹ́ yìí ń gbá, eré tí wọ́n ń fi kùm̀mọ̀ lu bọ́ọ̀lù kékeré, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wò bí ẹni ń ṣọdún. Ẹni tó bá gbọ́ pé owó ìwòran lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ yóò rò pé àgbà ọ̀jẹ̀ tuntun ló ń bọ̀ wá gbá a. Ó tì o. Oṣù kẹta ọdún 2022 dé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n kó ọ̀jẹ̀ eléré wọn mẹ́ta fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, Chris Bassitt fún Mets ti New York, Matt Olson fún Atlanta, Matt Chapman fún Toronto, wọ́n sì gba àwọn ọmọdé tí owó wọn ò tó nǹkan dípò wọn. Owó eléré wálẹ̀, owó òǹwòran gòkè.

Ta ló wá ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí pé owó oṣù àwọn eléré ló ń mú kí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n?

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ohun tó wọ́ lókè, ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá. Ṣùgbọ́n amúkùn-ún inú òwe yẹn, olóòótọ́ ènìyàn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ lóòótọ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn olówó tó ni ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ló yá ẹnu rẹ̀ lò. Ẹsẹ̀ tiwọn tọ́ ṣánṣán, òun ni wọ́n fi ń sáré lọ sí báǹkì. Àmọ́ bí wọ́n bá ti rí ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. “Ẹ má bínú, ará wa, ẹrù wa wọ́, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Owó àwọn ọmọ yìí ló sọ wá dà báyìí.” Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ á bojú wolẹ̀, á mirí, á káàánú wọn, á sì tọwọ́ bàpò.

Oakland ti gé ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ó wọ́ yẹn dànù, ẹrù ò sì tọ́. Kàkà kó tọ́, èrò ni ò wá mọ́. Ó yẹ kí èèyàn retí i: ta ni yóò fi owó ìlọ́po méjì wo àwọn tí kò mọ̀ rí? Ni olówó ẹgbẹ́ bá ní ẹ ò rí i bí pápá ṣe ṣófo, ìlú yìí ò fẹ́ wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn alátìlẹ́yìn kóra jọ, wọ́n lé ní 27,000, wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ “tà á” sí láyà, pé kó ta ẹgbẹ́ náà fún ẹni tó fẹ́ ẹ. Oṣù yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ Nevada fọwọ́ sí mílíọ̀nù 380 dọ́là owó ìlú láti bá a kọ́ pápá tuntun sí Las Vegas. Ẹni tó ń tiro ní Oakland, ó fò sókè ní Nevada.

Mi ò ní purọ́, owó tí àwọn eléré ń gbà náà kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Juan Soto, ọmọ ilẹ̀ Dominican Republic, fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Mets ti New York: mílíọ̀nù 765 dọ́là, ọdún 15. Èèyàn kà á tán, òòyì kọ́ ọ. Bàbá kan á jókòó sókè téńté nínú pápá, níbi tí àwọn eléré ti rí bí èèrà lójú rẹ̀, á ṣírò owó tó san fún ara rẹ̀ àti ọmọ méjì, á pòṣé, á ní ọ̀kánjúwà ọmọ yìí ló kó bá òun. Á sọ ọ́ tán, á yí ẹ̀yìn padà, ẹ ó sì rí orúkọ ọ̀kánjúwà náà lẹ́yìn ẹ̀wù tó wọ̀, SOTO, gàdàgbà-gadagba. Owó gidi ló fi ra ẹ̀wù ọ̀hún. Mo fẹ́ràn bàbá yìí, ẹ má rò pé mò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lásán. Bí ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà bá jókòó sínú yàrá gíláàsì lókè lọ́hùn-ún tí ò rí i, ẹni tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó lè gbọ́ ariwo rẹ̀ náà ni yóò bú.

Bí wọ́n ṣe ń bu iye lé ìjókòó gan-an ni kó lọ wò. Ní ọdún 2009, Giants ti San Francisco kọ́kọ́ dán ọgbọ́n kan wò lórí ìjókòó díẹ̀. Ọdún 2010, gbogbo pápá ni wọ́n ti ń lò ó fún, ẹgbẹ́ tó pọ̀ sì ti kọ́ ọ lára wọn. Kọ̀ǹpútà á wo ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, á wo ọjọ́ tí eré bọ́ sí, á wo ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù, àní á wo ojú ọjọ́, á wá dá iye lé e. Ìjókòó kan náà, iye ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iye ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Owó àwọn eléré sì rèé, ó ti wà nínú ìwé àdéhùn kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àbí ebi máa ń pa wọ́n lọ́jọ́ Sátidé ju ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ ni?

Ẹgbẹ́ Yankees ti New York náà rèé. Kí ọdún eré 2009 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó CC Sabathia, Mark Teixeira àti A.J. Burnett wọlé, àdéhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ní mílíọ̀nù 420 dọ́là. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣí pápá tuntun, wọ́n sì pe àwọn ìjókòó iwájú pátápátá ní 2,500 dọ́là fún eré kan ṣoṣo. Àwọn olówó New York wò ó, wọ́n ní kò kan àwọn. Eré ń lọ, tẹlifíṣọ̀n ń fi àga òfìfo han gbogbo ayé. Kí oṣù kẹrin tó parí, wọ́n ti gé iye díẹ̀ nínú ìjókòó náà sí ìdajì, 1,250. Ṣé Sabathia dá owó padà ni? Ẹni tó ń rà ló kọ̀.

David Ricardo, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1817: owó ilẹ̀ kọ́ ló ń mú kí ọkà wọ́n, ọkà tó wọ́n ló ń mú kí wọ́n rí owó ilẹ̀ san. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó eléré àti tíkẹ́ẹ̀tì rí. Mo gbà pé ìràwọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń rìn pọ̀. Soto dé, èrò fẹ́ wò ó, iye gòkè. Ṣùgbọ́n kí Soto ní ọ̀fẹ́ lòun fẹ́ gbá a lọ́la, iye yẹn náà ni wọn ó pè fún bàbá tó wà lókè téńté, gbogbo rẹ̀ á kàn wọ àpò ẹnì kan ni.

Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ sí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sápá sáré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin eré wọn ò gbà kí wọ́n sanwó oṣù fún àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbá a. Pápá yunifásítì Michigan gba èèyàn tó lé ní 100,000, kò sì sẹ́ni tó ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó wá jọ pé wọn ó máa san nǹkan fún àwọn ọmọ, yunifásítì Tennessee kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 pé wọn ó fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 2025, pé owó àwọn ọ̀jẹ̀ eléré ni. Gbogbo ọdún tí wọn ò fi san kọ́bọ̀, ṣé wọ́n ń yọ ìdá mẹ́wàá yẹn kúrò fún èrò ni? Ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n.

Àwọn ará Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dójú ti àwọn olówó tiwọn. Fenway Sports Group tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool, àwọn náà ló ni Red Sox, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Boston, àwọn kan náà ló sì kéde tíkẹ́ẹ̀tì 77 pọ́n-ùn ní Liverpool. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016, Liverpool ń na Sunderland ní góòlù méjì sódo. Ìṣẹ́jú 77 pé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran dìde, wọ́n jáde, kí fèrè ìkẹyìn sì tó dún, Sunderland ti dá méjèèjì padà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, àwọn olówó tọrọ àforíjì, wọ́n fagi lé 77 pọ́n-ùn. Wọn ò ní kí agbábọ́ọ̀lù kankan wá dá owó oṣù rẹ̀ padà.