Ìjàpá Pọn Ọtí Òkúta ní Òkè-Àró

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àti àwọn Ẹlẹ́dẹ̀ inú ọgbà Òkè-Àró.

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 2020 tó pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ bẹẹrẹ nínú ọgbà náà, àwọn tó ṣẹ́kù rí owó, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹmu kò yẹ ẹnu àwọn mọ́.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀, tó máa ń fò lọ sí Yúróòpù lọ́dọọdún, ló ròyìn ọtí Chablis fún Ìjàpá. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí òtútù ti mú gan-an. Èso àjàrà Chardonnay nìkan ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fún omi rẹ̀, ìwúkàrà á sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, lọ́pọ̀ ìgbà nínú àgbá irin, kí òórùn igi má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Ẹfun ni, ìkarahun ẹran òkun àtayébáyé tó ti di òkúta ló kún inú rẹ̀. Àwọn tó ń mu ún ní òkúta ni àwọn ń tọ́ lẹ́nu.

"Ìkarahun kẹ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?" Ìjàpá kò dúró gbọ́ ìyókù.

Ó ra ẹmu lọ́wọ́ adẹ́mu, ó sẹ́ ẹ, ó tún un sẹ́. Ó gba ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ lọ, ó bu ìkarahun lílọ̀, ó dà á sí i, ó rọ ọ́ sínú ìgò. Láti ọdún 1938 ni òfin Faransé ti sọ ọtí tó lè jẹ́ Chablis. Síbẹ̀, Ìjàpá fi ẹfun kọ orúkọ náà sára ìgò gàdàgbà.

Ó gbé e fún ẹgbẹ́ náà. Alága Ẹlẹ́dẹ̀ mu ún, ó dijú. "Háà! Òkúta rèé!" Gbogbo ẹgbẹ́ dijú. Eyín wọn ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Adìẹ ń kọjá, ó tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́rìn-ín, ó forin sí i:

Oúnjẹ mi ti wọ̀gò,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ o*
Olówó fi ń ṣe fàájì,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ o*
Èmi jẹ ẹ́, mo yé ẹyin,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ o*
Alága, ìgbà wo lẹ ó yé tiyín?
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ o*

Wọ́n bínú. Sí Ìjàpá kọ́ o, sí Adìẹ ni. Wọ́n ní kò lajú, wọ́n bu owó ìtanràn lé e.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ dé, ó ní: "Ẹnikẹ́ni kì í da òkúta sínú Chablis! Àwọn onímọ̀ ní gbòǹgbò àjàrà kò lè fa adùn òkúta wọnú èso. Òtútù ibẹ̀ ni kì í jẹ́ kí kíkan inú èso náà lọ tán." Ta ló gbọ́? Wọ́n ń sanwó ìgò mìíràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin onímu, ẹmu ṣì wà lọ́wọ́ adẹ́mu, kò sí ìkarahun nínú rẹ̀. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, nítorí tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan.