Ìjàpá, Alága Ìgbìmọ̀ Iná

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo.

Igbó kan ṣẹ́kù lẹ́yìn Ìgándò, bí àwọn ọmọ onílẹ̀ kò bá tíì tà á tán. Igbó náà kò tóbi, ṣùgbọ́n baálẹ̀ mẹ́fà ló ní, bí kánsù ṣe jẹ́ mẹ́fà ní Àlímọ̀ṣọ́ ti àwa ènìyàn.

Àwọn ẹranko ní òfin iná. Abala kìíní ní ẹni tó bá rí iná, kó lu àgbá. Abala kejì ní àgbá wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Abala kẹta ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti gba ìsinmi lọ sí Àgbádárìgì láti ọdún èṣí.

Lọ́jọ́ kan, Ayékòótọ́ ti Ìkọ̀tún dé, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Kìnnìún.

"Kábíyèsí, mo ti gbé láàárín àwọn ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì Kérésì ọdún 2006, ọ̀pá epo tí wọ́n dá lu gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó jó àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì gbọ́n epo. Òkú lé ní 200. Ní September 12, 2014, ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì kan wó n'Íkọ̀tún, ó pa ènìyàn tó lé ní 100, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Adájọ́ tó wádìí ikú náà ní ilé yẹn kò gba ìwé àṣẹ. Ní October 2020, gáàsì bú gbàmù ní Bárúwà. Bẹ́ẹ̀ òfin ò wọ́n wọn o! NEMA, àjọ pàjáwìrì ìjọba àpapọ̀, ti wà láti 1999, òfin LASEMA, ti ìjọba Èkó, láti 2008. Ẹni tí nǹkan bá ṣe, á tẹ 767 tàbí 112. Bí àwọn tó ní nọ́mbà bá ṣì ń sunkún, àwa tí kọ́kọ́rọ́ wa wà ní Àgbádárìgì ńkọ́?"

Wọ́n bu owó ìtanràn lé Ayékòótọ́ nítorí pé ó ń kó jìnnìjìnnì bá ará ìlú. Lẹ́yìn náà ni Kìnnìún gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti tún òfin yẹ̀ wò, ó fi Ìjàpá ṣe alága.

Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi jókòó, owó ìjókòó sì ń wọlé lójoojúmọ́. Wọ́n lọ sétí òkun lọ wo bí omi ṣe ń paná. Ẹja ni wọ́n jẹ bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí abala kìíní, "kó lu àgbá" ti di "kó gbìyànjú láti lu àgbá".

Àfi bí iná ṣe sọ lójú ààlà. Baálẹ̀ Ẹtu ní ìrù iná nìkan ló wà lọ́dọ̀ òun, orí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n ní kí wọ́n mú okùn wá, kí àwọn wọ̀n ọ́n. Ni Àparò bá sáré dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó fi orin sí i:

Lílé: Alága, iná dé o!
Ègbè: Ẹ jókòó, à ń jíròrò.
Lílé: Ó ti dé bèbè odò o!
Ègbè: Ẹ jókòó, à ń jíròrò.
Lílé: Ó ti ràn mọ́ mi níyẹ̀ẹ́ o!
Ègbè: Ẹ jókòó, à ń jíròrò.

(Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó jẹun yó kì í gbe orin báyẹn.)

Ìjàpá yọrí lójú fèrèsé. "Abala kẹrìnlá la wà. Ọ̀rọ̀ iná wà ní abala kejìlélógún. Ẹ ní kó ṣe sùúrù."

Síbẹ̀, wọ́n rán panápaná. Ìgbín nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù panápaná, àna Kìnnìún sì ni. Ó gbé agbè omi rù. Ẹni tí ìrìn tirẹ̀ gan-an jẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tún lọ kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà-Ìpájà.

Òjò ló paná náà. Ìdajì igbó ti di eérú. Ìjàpá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà ìgbìmọ̀ òun ni òjò rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìgbín wọ gbọ̀ngàn wá, agbè kún dẹ́múdẹ́mú, ẹ̀kán kan ò dànù. Gbogbo ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gba omi náà, wọ́n fi ṣan ọwọ́, torí oúnjẹ ìpàdé ti dé.