Ọ̀bẹ Bọ́tà Kọ́ Ni Ọ̀daràn

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí àwọn onímọ̀ tó dé: èmi náà wà nínú ìjọ àwọn tí ń fi ọ̀bẹ bọ́tà tú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti darúgbó, tí ń fi írésà ọmọ iléèwé nu ẹnu RAM, tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá eruku ara fáànù. Wọ́n ti bú wa tó. Àmọ́ ibi tí wọ́n ń nàka sí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wa wà. Bí ọ̀bẹ bá yọ̀, tó ha bọ́ọ̀dù, gbogbo ayé ló rí i, a ó sì káwọ́ lérí. Èyí tí ojú kò rí, ìyẹn iná ara, ló burú jù, pàápàá ní Calgary ní Kánádà. Ní Èkó, ọ̀rinrin máa ń bo ara nǹkan, iná tí aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì bá fi ìfarakanra dá sílẹ̀ á sì ti ibẹ̀ ṣàn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní Calgary, ara wa ló ń kó o pamọ́.

Ẹ wò ó. Nígbà tí òtútù ìta bá dé −20°C, tí ẹ̀rọ amúlégbóná sì gbé afẹ́fẹ́ kan náà dé 20°C láìfi omi kún un, ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tó 10%. Ọyẹ́ ni, àmọ́ ọyẹ́ tó wọ inú ilé wá jókòó. Kí ènìyàn tó mọ̀ pé iná ta òun níka, iná náà ti tó nǹkan bí fólítì 3,000. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kò sì nílò ìdámẹ́wàá rẹ̀ kó tó bàjẹ́. Àwa wá ń ṣọ́ ọ̀bẹ lójú méjèèjì, a wọ súwẹ́tà onírun àgùntàn, a wọ ìbọ̀sẹ̀ kọjá lórí kápẹ́ẹ̀tì, a tún ki ẹnu oníke ẹ̀rọ afaeruku bọ inú àpótí.

Ẹnìkan á ní òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ayé Windows 98, kò sì séwu. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà tó fara pa ló ń kú lójú ẹsẹ̀; èyí tó ń dákú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ogbó la máa ń pè é. Òmíràn á ní ká lọ ra irinṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sukudíráfà tó wọ́pọ̀ nílé àwọn ará Kánádà ni onígun mẹ́rin tí P. L. Robertson ṣe ní nǹkan bí 1908, sukúrù kọ̀ǹpútà sì jẹ́ alágbèélébùú. A dúpẹ́ pé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní igun mẹ́fà: sípánà kékeré á dì í mú ju ọ̀bẹ lọ. Ní ti iná ara, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, kí ẹ máa fi ọwọ́ lásán kan irin àpótí léraléra, ọ̀fẹ́ ni. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń fi sí abẹ́ irin amúná-tútù nìkan ni n kò lè gbèjà. Ibikíbi ni omi rẹ̀ ti ń gbẹ. Ní Calgary á tètè gbẹ, kọ̀ǹpútà á wá máa gbóná, ẹnu rẹ̀ á sì máa ta sánsán.