Èkuru Tí Kò Gbọdọ̀ Tán

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ kí èkuru tán kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Ìkìlọ̀ ni lẹ́nu tiwọn. Létí àwọn tó ń ta ìtàn nípa ohun tí ayé yóò dà lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àṣírí ọjà ni: gbọn ọwọ́ dáadáa, oníbàárà ò ní dìde láé.

Ẹ wo ìwé Dune. Ilé ìtẹ̀wé tó lé ní 20 ló dá a padà fún Frank Herbert tó kọ ọ́, kí Chilton, tí aráyé mọ̀ mọ́ ìwé àtúnṣe mọ́tò, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965. Herbert ní tìtorí kí ènìyàn lè ṣọ́ra fún akọni lòun ṣe kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì sọ Paul Atreides, akọni inú ìwé náà, di òrìṣà. Nígbà tó gbé Dune Messiah dé ní 1969 láti já òrìṣà náà bọ́, John Campbell, tó ti gbé ìtàn àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Analog, ní òun ò fẹ́.

Ìwé kẹrin, God Emperor of Dune ti 1981, ló pa ni lẹ́rìn-ín jù. Leto ọmọ Paul ti jọba fún nǹkan bí 3,500 ọdún. Ara rẹ̀ ti di ti ekòló aṣálẹ̀, ojú àti ọwọ́ ló kù tó jọ tènìyàn, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e kiri. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ni ará ìlú lára ni, kí ọba kan ṣoṣo lè sú wọn títí ayé. Duncan Idaho, jagunjagun tó ti kú nínú ìwé kìíní, ni olórí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Bí Duncan kan bá ṣọ̀tẹ̀, kábíyèsí á tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí àwọn Tleilaxu, ẹ̀yà kan nínú ìtàn náà, kí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì òkú mọ òmíràn wá. Ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí Herbert kọ ni Duncan ti yọjú. Oníṣòwò ìwé wo ló tún ń wá ọgbọ́n mìíràn?

Òǹkọ̀wé Isaac Asimov náà rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́ ìwé rẹ̀, Foundation, láti 1953. Ilé ìtẹ̀wé Doubleday ò gbà fún un, títí Foundation's Edge fi jáde ní 1982. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Hugo o. Èrúnrún náà a máa dùn nígbà mìíràn.

Herbert kú ní 1986, ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé kẹfà, Chapterhouse: Dune, parí láìparí. Brian ọmọ rẹ̀ àti Kevin J. Anderson bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn ní 1999. Wọ́n ní àwọn rí ìlànà ìwé keje nínú àpótí tí bàbá fi pa mọ́ sí báńkì. Ìwé kan ṣoṣo yẹn di méjì, Hunters of Dune ní 2006 àti Sandworms of Dune ní 2007, wọ́n sì jí Paul alára dìde nínú wọn. Èyí ni wọ́n pè ní ìparí. Ní 2008, Paul of Dune dé orí igbá: wọ́n ti padà sáàárín ìwé kìíní àti ìkejì.