Fọ́tò Orí Okùn Aṣọ

Ẹ rọra o, ẹ má tíì dìde. Ẹni tó bá gbé nǹkan ka iná kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó padà wá, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dúró gbọ́. Ṣé ẹ mọ okùn tí Ìyá Ìwó ń sá aṣọ sí lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn níbí? Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò, tó gba iwájú ilé ìdáná kọjá, tó máa ń há àlejò lọ́rùn bó bá ti di alẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, aṣọ kankan ò sí lórí rẹ̀. Fọ́tò ló wà níbẹ̀! Ẹyẹ, òkè, omi, alángbá, gbogbo wọn ni wọ́n fi pẹ́gì há bí ẹni há ṣòkòtò ọmọléèwé. Àwọn tó wá ra gààrì lọ́wọ́ mi gbàgbé gààrì síbẹ̀.

Ká tó dé ibẹ̀ ṣá, ẹ jẹ́ n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni kò mọ Bàbá Kámẹ́rà? Kì í kúkú ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn. Iṣẹ́ réluwé ló ṣe tó fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Réluwé la sì ń pè é títí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Peckham nílùú òyìnbó fi fi kámẹ́rà ránṣẹ́ sí i. Kámẹ́rà ọ̀hún! Imú rẹ̀ gùn tó ọmọ odó. Ọjọ́ kìn-ín-ní tó gbé e jáde, ó nà án sí àwòdì kan tó bà sórí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, làwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò bá yọ, wọ́n ní kó gbé ìbọn sílẹ̀. Ìbọn kẹ̀! Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹyẹ ni mò ń yà." Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ ṣáà kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ ná." Ibi tọ́rọ̀ náà parí sí ni pé gbogbo wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, Bàbá sì yà wọ́n, ọ̀gá láàárín, ọmọṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Àwòdì náà wà lókè fọ́tò yẹn tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa.

Ẹni tí kámẹ́rà yìí kó bá jù ni Màmá, ìyàwó rẹ̀. Bàbá á jí ní ìdájí, kò ní jẹun, kò ní kí èèyàn, ó di ẹ̀yìn màlúù. Kí ló ń wá lẹ́yìn màlúù? Lékeléke. Ibi tí màlúù bá ti ń jẹ̀ ni lékeléke ń tẹ̀lé e, torí ẹsẹ̀ màlúù ló ń lé tata àti kòkòrò jáde nínú koríko fún un. Bàbá á dọ̀bálẹ̀ sínú koríko, bàbá arúgbó, pẹ̀lú ṣòkòtò tí Màmá fọ̀ lánàá. Màmá bi í lójú gbogbo wa lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, lékeléke kún inú kámẹ́rà yín fọ́fọ́, ẹ ò ní ẹyọ kan tèmi. Kí ni lékeléke fi jù mí lọ? Ṣé ọrùn ni?" Bàbá nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Lékeléke kì í dá mi lóhùn."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá ò fi gbọ́ oúnjẹ alẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá ti ń ra gààrì mu.

Ẹnì kejì tó ń ya fọ́tò nílé wa ni Bọ̀dá Télọ̀. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ló fi ń ya tirẹ̀, kì í sì í ya ẹyẹ. Ó ní ẹyẹ ò níyì, kì í dúró. Òkè lòun ń yà, òkè kì í sá. Ló bá di Ìdànrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun òkè Ìdànrè, ẹ bá mi sọ fún wọn: àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, mi ò sì tíì rí ẹni méjì tí iye tí wọ́n kà á bára mu, torí bí èèyàn bá fi máa dé ibi ìsinmi kẹta, òǹkà á ti fò lórí. Bọ̀dá Télọ̀ dé òkè, ó rí ààfin àtijọ́, ó rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, ó rí kùrukùru tó ń ká kúrò lórí àwọn àpáta bí ẹni ká ẹní. Ó yọ fóònù. Fóònù ti kú. Fújì ló fi ń gbọ́ látìsàlẹ̀ dókè! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ẹnu ya òkè yẹn fún wa nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi sísọ́ọ̀sì júwe, tí aṣọ àwọn oníbàárà kò sì parí.

Ó padà lọ nígbà ọyẹ́. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ojú ọ̀run, òkè wá dà bí ẹni tó da ìborùn. Ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn òjò ńlá kan tó fọ ojú sánmà mọ́ tónítóní, ló tó rí i yà. Bàbá Kámẹ́rà gba fóònù náà, ó wò ó, ó wò ó, ó ní, "Ó dára gan-an. Òkè tí kì í sá yìí, ẹ̀ẹ̀mélòó lo lépa rẹ̀?"

Èyí tó dára jù nínú tirẹ̀, lójú tèmi o, kì í tilẹ̀ ṣe Ìdànrè. Láyípo ni, ní Òkè Àrẹ níbí, ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n kọ́ ní 1936 láti fi rántí Captain Bower. Ó gun orí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ya ìsàlẹ̀: páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ bí omi, oòrùn ń lọ wọ̀, gbogbo rẹ̀ pupa bí epo. Mo ti ń gbé Ìbàdàn láti ìgbà tí mo ti ń fa ọmú, mi ò mọ̀ pé dípẹtà dára tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo ń sọ bọ̀? Ẹ̀n-ẹ́n, ẹyẹ. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa pè, Ibadan Malimbe. Ẹ ò gbọ́ rí, àbí? Èmi náà ò gbọ́ rí, ká má purọ́. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gà, èyí tó ń hun ilé sórí ọ̀pẹ tó sì ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ mi ní ẹ̀gà ni ìyá mi fi mí jọ. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ yìí kì í bá a gbé ìgboro. Dúdú ni, orí àti àyà akọ sì pọ́n. Elgood, òyìnbó kan tó kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn láyé ìjọsí, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958, gbogbo ayé yìí pátá, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí nìkan ló sì wà. Kò sí ní Ghana, kò sí ní Kamẹrúùnù. Igbó tí wọ́n dá sí nínú ọgbà IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí kò jìnnà sílé wa, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ẹyẹ ń jẹ́ orúkọ ìlú ẹni, ó ń gbé ládùúgbò ẹni, ẹni ò mọ̀ ọ́n! Bàbá ní ìwà àìdáa nìyẹn, bí ẹni tí kò kí aládùúgbò.

Ló bá tọrọ àyè, wọ́n fún un ní amọ̀nà, ó gbé àpótí ìjókòó dání. Ẹyẹ náà kì í sọ̀ kalẹ̀, orí igi gíga ló ti ń wá kòkòrò jẹ. Bàbá ń wòkè títí ọrùn rẹ̀ fi gan, kò wo ilẹ̀, orí ìjàlọ ló sì gbé àpótí lé. Mi ò ní sọ ibi tí ìjàlọ dé. Màmá ló fi òróró pa á fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì gbọ́ ẹ̀rín Màmá dé yàrá kẹfà. Ó padà lọ. Ó lọ, ó lọ, ó tó bí ìgbà mẹ́jọ.

Bó ṣe ń wá ti pupa yìí, Ìyá Ìwó náà ní kó bá òun wá tòun. Ìyá Ìwó ní ọmọ Ìwó lòun, odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ń ki àwọn, kí ló dé tí Bàbá ò ya odídẹrẹ́? Bàbá ṣàlàyé títí pé odídẹrẹ́ inú igbó ti wọ́n, wọ́n ti kó wọn tà tán, débi pé lọ́dún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg tí wọ́n fòfin de títà odídẹrẹ́ igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ìyá Ìwó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Tó bá jẹ́ ìkóódẹ nìkan ló yọ nínú fọ́tò, mo gbà á bẹ́ẹ̀."

Ti igún ló ń dun Bàbá jù, kì í sì í fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ṣé kì í ṣe igún ló ń rìn kiri ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù bí onílé? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá lọ ibi ìpamàlúù, àwòdì àti lékeléke ló rí. Láti 2015 ni wọ́n ti ka irú igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àparun jù lọ. Orí igún kan ṣoṣo tí Bàbá rí lọ́dún yìí, lórí àtẹ lẹ́kúlẹ́jà ló ti rí i. Kò yà á.

Ó dáa, báwo ni fọ́tò ṣe dé orí okùn? Ẹ súnmọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, fóònù la máa ń gbà lọ́wọ́ ara wa wò. Ìyá Ìwó gba ti Bọ̀dá Télọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń fi ìka fà á: òkè, òkè, òkè, ọmọge! Ọmọge dúró níwájú àpáta Ìdànrè, ó fọwọ́ gbé àgbọ̀n, kì í sì í ṣe èyí tó ń gbé abọ́ oúnjẹ wá fún un lọ́sàn-án tí gbogbo wa mọ̀. Ìyá Ìwó ní, "Òkè yìí mà ní ẹ̀gbà lọ́rùn o!" Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bọ̀dá Télọ̀ pinnu pé ó yẹ kí a máa tẹ fọ́tò sórí pépà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá ara wa lábẹ́ máńgòrò. Ọmọ Ìyá Ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, há fọ́tò alángbá kan, akọ tí orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó pọ́n dẹ́dẹ́, ó gbé àyà sókè lórí ògiri bí lándílọ́ọ̀dù tó wá gba owó ilé. Gbogbo èèyàn ló pa àtẹ́wọ́ fún un. Bàbá wá há tirẹ̀ kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. A súnmọ́ ọn. Ewé. Ewé púpọ̀. Nǹkan dúdú kan láàárín ewé, nǹkan pupa kan lára nǹkan dúdú.

Bàbá ní, "Ibadan Malimbe nìyẹn."

Bọ̀dá Télọ̀ ní òdòdó ni. Ìyá Ìwó ti ń jó, ó ní ìkóódẹ ni, òun mọ ìkóódẹ tòun. Àǹtí tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì, yàrá kẹrin, wò ó pẹ́, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ rí i o. Ṣùgbọ́n àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mìíràn tí wọ́n dúdú tí wọ́n sì pọ́n náà wà nínú igbó wa, ibi tí pupa náà dé lára wọn la fi ń dá wọn mọ̀, fọ́tò yìí sì ti mì díẹ̀." Bàbá dákẹ́. Ó yọ bírò nínú àpò, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò náà: "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni." Ẹ gbà mí gbọ́, ìyẹn wọ̀ mí lójú ju kó jà lọ.

Ó wá ku fọ́tò kan ní ìparí okùn, níbi tí kò sẹ́ni tó dé. Màmá ló kọ́kọ́ rí i. Màmá fúnra rẹ̀ ni, ó jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Ológoṣẹ́ kékeré kan bà sí etí àwo ẹ̀wà. Màmá yíjú sí Bàbá. Bàbá wo ibòmíràn, ó ní, "Ológoṣẹ́ yẹn ni mo yà."

Màmá yọ ọ́ kúrò lórí okùn, ó fi í sínú Bíbélì. Láti ọjọ́ náà, àlejò tó bá wọlé, ó di, "Ẹ wá wo ológoṣẹ́ mi."

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ la tún máa há òmíràn. Ẹni tó bá ní fọ́tò ẹyẹ, ti odò, ti eku inú ilé pàápàá, kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kó mú pẹ́gì tirẹ̀ dání o, torí méje nínú ti Ìyá Ìwó ò tíì padà sílé, ó sì ti ń wo ojú mi.