Ìjà Bàbá Aláṣọ Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́bí. Ṣé ẹ rò pé agboolé tiwa nìkan ni bàbá àti ọmọ ti ń ta ara wọn nù lójú ọjà? Ní Assisi, ní ilẹ̀ Ítálì, ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ya irú ìjà bẹ́ẹ̀ sí ní nǹkan bí ọdún 1300, ayé ṣì ń wò ó dòní.

Pietro di Bernardone lorúkọ bàbá. Aṣọ ló ń tà, owó sì ń bẹ. Francis ọmọ rẹ̀ wá kó lára aṣọ náà lọ sí Foligno, ó tà á, ó ta ẹṣin tó gùn lọ mọ́ ọn, ó lóun fẹ́ fowó ọ̀hún tún ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń dẹnu kọlẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń taṣọ, ẹ dá mi lóhùn! Bàbá wọ́ ọmọ lọ síwájú bíṣọ́ọ̀bù. Francis ò bá a fà á. Ó bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀, ó kó o lé bàbá lọ́wọ́.

Ọwọ́ ayàwòrán yẹn mà mú o! Aṣọ ọmọ wà ní apá bàbá, inú ń bí i, ẹnìkan sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà na ọmọ. Bíṣọ́ọ̀bù ń faṣọ tirẹ̀ bo ìbàdí Francis, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ń tì í. Àwọn ọmọdé náà ò gbẹ́yìn: wọ́n ká etí aṣọ wọn sókè, wọ́n fi kó òkúta.

Ìyá Francis ńkọ́? Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè. Thomas ará Celano, tó kọ ìtàn Francis, ní bàbá ti dè é mọ́lé rí, ìyá ló tú u sílẹ̀ nígbà tí baálé ò sí nílé. Àwòrán 28 ló wà lára ògiri yẹn. Ẹ wá ìyá náà títí, ẹ ò ní rí i.

Áà, ẹ jẹ́ n sọ ti àwòrán mìíràn lára ògiri yẹn, ti Greccio, níbi tí Francis ti ṣọdún Kérésì 1223. Ọkùnrin kún inú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan lanu gbàgà, wọ́n ń kọrin. Àwọn obìnrin? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n há mọ́, tí wọ́n ń yọjú. Èmi ì bá ti wọlé ní tèmi.

Ta wá ló ya àwọn àwòrán yìí? Ìjà mìíràn nìyẹn. Àwọn kan ní Giotto ni, àwọn mìíràn ní àwọn oníṣẹ́ láti Róòmù ni, ó sì ti lé ní 100 ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fà á. Ohun tó dájú ni bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́: ìwọ̀n tí wọ́n lè kùn tán lóòjọ́ ni wọ́n máa ń rẹ́ lára ògiri, wọ́n á sì kùn ún kó tó gbẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ṣì lè tọ́ka ibi tí iṣẹ́ ọjọ́ kan parí sí.

Póòpù sọ Francis di ẹni mímọ́ ní 1228, ọdún méjì péré lẹ́yìn tó kú. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn, ó yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kó tó tà á.