Ọ̀gá Yọ-Díẹ̀-Ńbẹ̀

Ọ̀rọ̀ dídùn kì í wọ́n lẹ́nu Ọ̀gá Yọ-Díẹ̀-Ńbẹ̀ tó bá ń tajà. Ẹ̀bá Liverpool Road ní Apapa ló to fírísà àti fíríìjì tòkunbọ̀ sí, níbi tí tírélà tó ń bọ̀ láti èbúté Tin Can ti ń fọn fèrè mọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń sáré lọ sí Boundary ní Ajegunle. Á fi àkísà nu ọjà, á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, á ní kí ẹ fetí sí i. "Mọ́mì mi, ṣé ẹ gbọ́ ariwo kankan? Ẹrù London nìyẹn, kì í pariwo." Tí ẹ bá bi í pé tó bá yọnu ńkọ́, á fọwọ́ sọ̀yà. "Ṣé mo fẹ́ kó kúrò ní Apapa ni? Ẹ gbé e padà wá. Owó yín wà níbẹ̀."

Owó yín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Iye tó máa kù níbẹ̀ ni kò sọ.

Kò dìgbà téèyàn bá dé Apapa kó tó mọ irú ẹni yìí. Ó wà ní Alaba, ó wà ní Ladipo láàárín àwọn tó ń ta pátì mọ́tò, ó wà ní Gbagi n'Ibadan, aṣọ ló ń tà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ra nǹkan rí tó sì dá a padà ti bá a pàdé. Àmọ́ ti Liverpool Road ló mọ iṣẹ́ náà jù, torí pé ìtòsí wọ́ọ̀fù ló ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta píọ́ wọ́tà àti zóbò ní Boundary. Kó tó sanwó ló ti sọ fún Ọ̀gá pé fírísà tó máa mú omi dì lòun ń wá, torí àwọn oníbàárà òun kì í ra omi tí kò bá tutù nini. Ọ̀gá ní, "Dì kẹ̀? Ẹ óò fi òòlù fọ́ ọ ni!" Ó san 180,000 náírà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, omi ṣì ń ṣàn nínú ọ̀rá. Ó wá ọkọ̀, ó gbé fírísà padà wá. Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, ọrùn ara rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ọ̀gá ò bínú. Ọ̀gá Yọ-Díẹ̀-Ńbẹ̀ kì í bínú rárá, oníbìínú ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó gbé àga fún Mọ́mì, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ sáré lọ ra omi tútù wá fún wọn níwájú lọ́hùn-ún, torí nínú gbogbo ẹ̀rọ tó tò sílẹ̀ yẹn, kò sí èyí tí omi tútù kankan wà nínú rẹ̀. Ó wá fa fóònù yọ, ó ṣí ibi ìṣirò. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọmọ ìyá."

Àwọn ọmọ tó gbé e sọ́kọ̀, 5,000. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi dán an wò lójú yín níjọ́sí, 2,000. Gáàsì tó jò, 15,000. Mọ́mì ní, "Níbo ló ti jò?" Ọ̀gá ní, "Mọ́mì, ó kún nígbà tó kúrò níbí." Lẹ́yìn náà ló wá kan èyí tó fi ju gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: 20,000 náírà nítorí pé ọjà ti wọ ilé. Fírísà tí ìdílé kan ti lò lókè òkun títí ó fi sú wọn, tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi, tó sọdá òkun, tó sùn sí wọ́ọ̀fù, kò tíì di àlòkù o. Oorun alẹ́ méjì tó sùn ní Ajegunle ló sọ ọ́ di àlòkù. Ó tún rọra yọ 3,000 kún un, ti àwọn ọmọ tó máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó ku 135,000.

Kò tíì parí. Owó ò sí nílẹ̀, ó ní, ọjà ni gbogbo ẹ̀ wà nínú. Ó máa fi 70,000 ránṣẹ́ báyìí, 65,000 tó kù di ìgbà tí ọjà bá tà. Báńkì ń gba 50 náírà lórí owó tó bá ju 50,000 lọ, owó orí VAT sì sọ ọ́ di 53 náírà àti 75 kọ́bọ̀. Owó èdìdì 50 náírà, ìyẹn stamp duty, tún wà lórí owó tó bá ti tó 10,000. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí owó wọlé fún ló ń san án, ṣùgbọ́n láti January 2026, òfin owó orí tuntun yí i sọ́rùn ẹni tó fi ránṣẹ́. Ọ̀gá Yọ-Díẹ̀-Ńbẹ̀ kì í ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó ro méjèèjì pọ̀, ó sọ ọ́ di 200 náírà, kódà bó jẹ́ pé áàpù tí kì í gba owó ìfiránṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ń ránṣẹ́.

Tí Mọ́mì bá fẹ́ pariwo, Ọ̀gá á fi ọwọ́ han ògiri. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ níjọ́ tó ń tajà kọ́ ni ògiri ń sọ, ìdí nìyẹn tó fi kọ́ ògiri.

Òfin ilẹ̀ yìí ò sì bá ògiri yẹn mu. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí wọ́n ń pè ní FCCPA, ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019, sọ ní ìpín 122 pé tí oníbàárà bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó ń tà á, tí ọjà náà ò sì lè ṣe é, ó lè dá a padà láìjẹ́ kó pẹ́ jù, kó sì gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Bíi pé olómi Boundary ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá máa gbé ẹjọ́ lọ bá FCCPC, àjọ tó ń mú òfin náà ṣẹ, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, Ọ̀gá kì í sì í kọ rìsíìtì. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Fíríìjì àti fírísà àlòkù wà nínú ìwé àwọn ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà láàyè kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó tún buwọ́ lù ú, pé òun ta irú ẹ̀?

Ní ìlú Liverpool tòótọ́, ibi tí ọkọ̀ ojú omi iléeṣẹ́ Elder Dempster ti máa ń gbéra wá sí Èkó láyé àtijọ́, tí wọ́n tiẹ̀ sọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ní Apapa, òfin ọdún 2015 fún oníbàárà ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà kó gba owó rẹ̀ láìdín. Àwọn náà mọ yíyọ o: tí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá, ẹni tó tà á lè yọ owó ìlò. Oṣù mẹ́fà, kì í ṣe alẹ́ méjì.

Bó ti wù kó rí, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ní ìdí. Ní 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó àdéhùn Basel lórí ìdọ̀tí eléwu, èyí tó wà n'Ibadan, dúró sí èbúté Èkó, wọ́n ń ka ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọlé. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ni wọ́n rí lọ́dọọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì wà nínú mọ́tò tòkunbọ̀ tí wọ́n kó ẹrù kún. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ó kéré tán, 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó já kọ̀ńténà kì í gba òkú ẹ̀rọ padà. Bó ṣe wà ló ṣe tà á. Ọ̀gá wa ti sunkún lẹ́nu ọ̀nà irú àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀, ó ti bú wọn ní olè, ó ti fi orí ìyá rẹ̀ búra pé wọn ò láàánú. Ó darí dé, ó wá ẹni tó máa bá òun pín àdánù náà. Olómi Boundary ló rí.

Ọjọ́ kẹrin, fírísà náà ti padà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ ọn, ó ti di 195,000 náírà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Olodi Apapa ń yí i po. Fóònù dún, Ọ̀gá gbé e sétí: "Mọ́mì mi, ẹ káàárọ̀ o. 65,000 yẹn? Ọjà ò tíì tà, Mọ́mì. Ẹ ṣàdúrà fún wa." Ó ti fóònù bọ àpò.

"Ọ̀gá, gáàsì wà nínú ẹ̀ ṣá?"

"Àbúrò mi, gáàsì tuntun ni. 15,000 náírà ni mo ná lé e lórí."